Gígun àpáta ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ní àwọn ilẹ̀ Yorùbá mìíràn

Gígun àpáta ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni fífi ẹsẹ̀, ọwọ́ tàbí okùn gòkè àwọn àpáta ńláńlá tí ó yọrí láàárín pápá àti igbó. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní agbègbè Òṣíẹ̀lẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lójú ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn. Kí gígun àpáta tó di eré ìdárayá ni àwọn ènìyàn ti ń gùn ún láti sá fún ogun, láti ṣọ́ ọ̀tá, àti láti bọ òrìṣà. Nítorí náà, ohun méjì ni ẹni tí ó bá fẹ́ gun àpáta níhìn-ín ní láti mọ̀: irú òkúta tí ó jẹ́, àti ipò tí àpáta náà wà lọ́kàn ìlú tí ó ni ín.

Irú òkúta

Akọ òkúta ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpáta ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ó wà gẹ́gẹ́ bí ohun yíyọ́ gbígbóná kí ó tó tutù, tí ó sì le, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òjò àti oòrùn jẹ ilẹ̀ tí ó bò ó díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ fi yọ síta. Nígbà tí ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ kúrò, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí àpáta wọ̀nyí fi rí rogodo, tí ẹ̀gbẹ́ wọn sì ń dán.

Èyí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ibi tí òkìkí wọn kàn fún eré yìí ní etí Òkun Mẹditaréníà, bí erékùṣù Kalymnos ní Gíríìsì, El Chorro ní Spéìn àti Calanques ní gúúsù Fránsì. Òkúta ẹfun ni tibẹ̀. Omi a máa jẹ òkúta ẹfun, a sì máa dá ihò àti etí sí i lára, èyí tí ọwọ́ lè dì mú. Òkúta ẹfun wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá pẹ̀lú, ní Ewékorò, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni ó tẹ́ sí. Kò dìde bí ògiri, símẹ́ńtì ni wọ́n sì ń fi í ṣe.

Àpáta Olúmọ

Olúmọ, ní Abẹ́òkúta, ni àpáta tí ó lókìkí jùlọ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Orí rẹ̀ ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Ní ọdún 1830, nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká kúrò ní àwọn ìlú wọn àtijọ́, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá síbí, wọ́n sì rí ààbò lábẹ́ àpáta náà. Láti inú èyí ni ìlú ti gba orúkọ rẹ̀, Abẹ́ Òkúta. Àwọn ihò tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan oúnjẹ ṣì wà lára òkúta inú ihò náà títí di òní. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey gbógun ti ìlú náà ní ọdún 1851 àti 1864, àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àlejò lè gbà dé òkè Olúmọ: àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ agbéniròkè, àti ipa ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba àárín pàlàpálá àpáta kọjá. Ojúbọ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ọdún Olúmọ. Nítorí èyí, kì í ṣe gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ lè dé ni àlejò ní àṣẹ láti dé.

Àwọn ibòmíràn

Òkè Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ga ju Olúmọ lọ dáadáa, àtẹ̀gùn tí ó lọ sókè rẹ̀ sì lé ní 600. Ìlú odidi ni ó wà lókè yìí tẹ́lẹ̀, kí àwọn ará ibẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé.

Ní Adó-Àwáyè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, adágún omi Ìyàkẹ́ wà lórí òkè fúnra rẹ̀. Ní Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì, òkè Ọlọ́sùnta àti Òrólé ni ó yọrí sí ìlú, ọdún Ọlọ́sùnta sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ọdún ìlú náà. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn Yorùbá Ṣábẹ̀ àti Ìdáàṣà pẹ̀lú ní òkè akọ òkúta tí wọ́n sá sí nígbà ogun Dahomey.

Ọ̀nà gígùn àti ewu

Lórí akọ òkúta tí ń dán, ohun tí a lè dì mú kò pọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni agùnkè fi ń lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí kí ó ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ inú sísán rẹ̀. Ìgbà ẹ̀rùn ni ó dára jù, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú òkúta gbóná. Ní ìgbà òjò, ara àpáta a máa yọ̀, mànàmáná sì léwu lórí gbalasa. Àwọn oyin a máa gbé inú pàlàpálá. Ìpele òkúta tí ó ti bó lè já lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò lórí àtẹ̀gùn nílò okùn, àṣíborí àti olùtọ́nà tí ó mọ àpáta náà.

Fífọ́ òkúta

Akọ òkúta kan náà tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ni wọ́n fi ń kọ́ ilé àti ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wà ní Ọ̀dẹ̀dá. Ohun abúgbàù ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, àwọn mìíràn sì ń fi òòlù fọ́ ọ láti rí oúnjẹ òòjọ́. Iṣẹ́ yìí ń bọ́ ìdílé púpọ̀, ṣùgbọ́n àpáta tí wọ́n bá ti fọ́ kò lè hù padà, ojúbọ tàbí ihò ààbò tí ó wà lára rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Olúmọ àti Ìdànrè ní olùtọ́jú nítorí pé ìtàn wọn hàn sí gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ àpáta kéékèèké tí ó ní ìtàn tirẹ̀ kò ní irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀, àyàfi àwọn àgbà ìlú tí ó mọ orúkọ wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí ni ó yẹ kí agùnkè kọ́kọ́ lọ kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan àpáta.