Ohun Tí Ń Jẹ Agbára Ọkàn Run

Ọkàn ènìyàn kì í sinmi. Nǹkan bí ìgbà 100,000 ló ń lù lójúmọ́, ATP ló sì ń ná sórí iṣẹ́ náà, ìyẹn èròjà tí ara fi ń pín agbára fún sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó wà nílẹ̀ nínú ọkàn kò tó lò fún ìṣẹ́jú kan. Mitokọ́ńdíríà, àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì, ló ń ṣe òmíràn láìdáwọ́ dúró. Wọ́n gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè inú sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn. Ọ̀rá ni wọ́n ń fi ọ́síjìn jó jù, ṣúgà ló tẹ̀lé e.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà ń dá ọkàn lágara. Bó bá ti ń fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣan rẹ̀ á ki, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á tóbi. Ṣùgbọ́n àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín tó ń gbé ọ́síjìn wá kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, mitokọ́ńdíríà tuntun kì í sì í kárí.

Àwọn mitokọ́ńdíríà tó wà nílẹ̀ kò wá lè jó ọ̀rá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ kò jóná tán ṣe ń tú èéfín dúdú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú ọ́síjìn olóró sílẹ̀. Ara wọn ló sì kọ́kọ́ ń bà jẹ́: awọ inú, níbi tí a ti ń ṣe ATP, àti DNA tiwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Bí ìbàjẹ́ yìí ṣe ń pọ̀ ni oró náà ń pọ̀. Nínú ọkàn tó ti kùnà gan-an, ATP lè dín ní ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kì í ṣe lílù nìkan ló ń gba ATP. Kálísíọ́mù ló ń mú iṣan ọkàn sún kì. ATP la fi ń kó o padà kí iṣan náà tó lè dẹ̀. Bí ATP kò bá tó, ọkàn kò ní dẹ̀ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní kún inú rẹ̀. Kálísíọ́mù tó bá pọ̀ jù nínú mitokọ́ńdíríà lè dá ihò sí i lára, kí sẹ́ẹ̀lì náà sì kú. Ó ṣọ̀wọ́n kí tuntun rọ́pò rẹ̀. Àpá ló máa ń gba ibẹ̀.

Ó jọ pé ara ìdí nìyí tí fífi oògùn lé ọkàn sáré kò fi gbè é. Ní 1991, ìwádìí PROMISE fi hàn pé milrinone oníhóró, tó ń mú ọkàn lù kíkankíkan, mú kí ikú pọ̀ sí i láàrin àwọn aláìsàn tí ọkàn wọn ti kùnà. Ní 1999, nínú ìwádìí CIBIS-II, wọ́n yẹ bisoprolol wò, èyí tó ń dẹ ìlù ọkàn: ìdá 11.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàrin àwọn tó lò ó, ìdá 17.3 láàrin àwọn tí kò lò ó. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ déédéé, kódà nígbà tí ohunkóhun kò dùn ún, ti ń dín ẹrù ọkàn rẹ̀ kù kó tó di pé mitokọ́ńdíríà bàjẹ́.