Àwòrán Ta Ni Ó Wà Lára Kọ́bọ̀ Yìí?

Nígbà tí a ń ka Máàkù 12:13–17, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó bá wa wá owó wẹ́wẹ́ láti ilé. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn kò rí nǹkan kan mú wá. Àgbàlagbà kan ló tú àpótí ìyá rẹ̀, tó mú sísì ọdún 1959 kan àti kọ́bọ̀ márùn-ún ọdún 1973 jáde.

A gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Orí Ọbabìnrin Elizabeth wà ní ojú kan sísì náà, èso kòkó sì wà ní ojú kejì. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà ní January 1973, kọ́bọ̀ márùn-ún ló rọ́pò sísì. Kòkó kò kúrò níbẹ̀. Orí ọbabìnrin ló kúrò, tí àmì orílẹ̀-èdè wa, ẹyẹ idì àti ẹṣin funfun méjì, bọ́ sípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi ọ̀pẹ ara sílè ṣe bọ́ sára kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Àgbẹ̀ Odìgbó rí irè oko rẹ̀ lára owó méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú kejì ló sọ ẹni tó ń ṣàkóso fún un.

Ojú kejì yẹn ni Jésù béèrè. Ó jọ pé dénáríù Tìbéríù ni wọ́n mú wá, èyí tí àkọlé rẹ̀ pe Késárì ní ọmọ Augustus tí wọ́n ti sọ di òrìṣà. Owó idẹ wẹ́wẹ́ tí àwọn ọba Júù rọ kò ní orí ènìyàn. Ìdákọ̀ró àti ìràwọ̀ wà lára òmíràn nínú wọn. Ẹ má gbàgbé pé inú tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ti ń bá Jésù sọ̀rọ̀.

Ìdámẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fi ìparí ẹsẹ náà béèrè lákòókò ọrẹ. Àwa náà ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ń fi olówó hàn, kí ni ó gbé àwòrán Ọlọ́run? Jẹ́nẹ́sísì 1:27 ti dáhùn. Tertullian, ará Carthage ní Áfíríkà wa yìí, ti rí i ní nǹkan bí ọdún 200 pé owó ni ti Késárì, ènìyàn ni ti Ọlọ́run.

Ẹ wo náírà kan onírin, tí wọ́n gbé jáde ní 1991 tí wọ́n sì tún gbé jáde ní 2007. Herbert Macaulay ló wà lára rẹ̀, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tó túmọ̀ Bíbélì fún wa. Òfin kò pa owó náà rẹ́, síbẹ̀ aláta kankan ní Ọ̀rẹ̀ kò ní gbà á. Ọjà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí irin. A ti rí ìyá tó yọ́ jáde nílé ìjọsìn nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dìde, tí kò sì padà wá lọ́jọ́ ìsinmi kejì. Àwòrán ta ni ó wà lára ìyá yẹn?

Olùṣọ́-àgùntàn tó bá fẹ́ wàásù lórí ẹsẹ yìí, kó wá ọ̀kan nínú owó wọ̀nyí dání, kó sì fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá láti ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè.