Ta Ni Ìwọ Nínú Ìtàn Náà?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ti tọmọdé tàgbà ni. Ọmọ á ka ìwé tàbí kó wo fíìmù tán, á wá yan ẹnì kan láàyò nínú rẹ̀. Á máa dárúkọ ẹni náà, á máa sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, ìtàn ẹni yẹn ló tún máa padà lọ kà. Àwa àgbà á ní, "Ẹni tí kò sí láyé lò ń rò báyìí?" Ẹ jẹ́ ká rọra. Ọmọ náà lè máa fi ẹni inú ìtàn sọ ohun tí ẹnu tirẹ̀ kò tíì lè sọ.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa onísẹ̀ṣe. Ẹni tó bá lọ dá Ifá kì í ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo kí Ifá tó fọhùn. Wúyẹ́wúyẹ́ ló máa ń sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sí owó. Babaláwo á wá máa ki ẹsẹ Ifá: lágbájá ń lọ síbi báyìí, wọ́n ní kó rúbọ, ó rú tàbí kò rú. Ó lè ki ẹsẹ kan, kó ki ìkejì, kó má kan ẹni tó jókòó. Nígbà tó bá kàn án, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé, "Èyí gan-an ni." A kò pe àwọn ẹni inú ẹsẹ Ifá ní ènìyàn àlọ́ o. Ọ̀tọ̀ ni tiwọn, ọ̀tọ̀ ni ti inú ìwé. Ṣùgbọ́n etí kan náà la fi ń gbọ́ méjèèjì: ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni jígí tí a fi ń wo ojú ara wa.

Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, ìwàásù ẹ̀sìn rẹ̀ sì wà nínú ìwé náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká díbọ́n. Síbẹ̀, ayé àwọn baba wa ló kún inú rẹ̀. Àwọn tí ọba rán lọ sí Òkè Lángbòdó, ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe kò rí bákan náà. Kàkó ní kùmọ̀. Ìmọ̀dóyè ní ọgbọ́n. Olóhùn-iyọ̀ ńkọ́? Orin ni tirẹ̀. Ọmọ tí kò lágbára, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní ọ̀lẹ, bó bá rí i pé akọrin wà lára àwọn tí ọba rán níṣẹ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Ó ti rí àyè tirẹ̀. Àkàrà-Ògún tó ń sọ ìtàn náà ńkọ́? Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dá wọ igbó kó tó wá bá ẹgbẹ́ lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ dàrú, tó rò pé kò sírú òun, á rí i níbẹ̀ pé ẹni tó ti inú wàhálà jáde ṣì wúlò fún ìlú.

Ìtùnú nìkan kò tó o. Kàkó yìí kan náà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kó má lọ, àdá ló fi pa á. Bí ọmọ yín bá ní Kàkó lòun, ẹ má bá a jà. Ẹ bi í pé, "Kí ló ṣe tó wù ẹ́? Kí ló ṣe tí ìwọ ò ní í ṣe láéláé?" Ìbéèrè kejì yẹn ni ìwà fi ń wọlé. Ìjàpá náà nìyẹn: ẹni tó gbọ́ bó ṣe jẹ àsèjẹ ìyàwó rẹ̀ tí ikùn tirẹ̀ wá wú, tó sì rántí ojúkòkòrò ara rẹ̀, ti gba ìkìlọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni nàka sí i.

Ibi tó ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n rèé. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí àwọn ọmọ wa ń wò, ẹni tó bá gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀dájú. Tó bá máa fi parí, pásítọ̀ á dé, iná á jó ojúbọ. Bàbá ọmọ wa ni wọ́n ń fi hàn án yẹn. Bó bá wá ara rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ló máa rí? Bí wọ́n bá fi bú u nílé-ìwé, kí ló máa fi dáhùn?

Ẹ fún un ní òmíràn. Saworoidẹ wà níbẹ̀, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999. Lápité fẹ́ jọba ní Jogbo, ṣùgbọ́n ó sá fún orò tó yẹ kí ọba ṣe, kó lè rówó ìlú jẹ. Ìlù saworoidẹ ló sì mú un. Níbẹ̀, orò ló dúró ti ará ìlú, ẹni tó sá fún un ló ba ìlú jẹ́. Ọmọ wa lè wo Àyángalú onílù kó ní, "Irú bàbá mi nìyí."

Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ Ifá tó ń bọ̀, bí ẹ bá jẹun tán, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Kí kálukú dárúkọ ẹnì kan nínú ìtàn tó jọ òun, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Kí àgbà kọ́kọ́ sọ tiwọn, kí ojú má bàa ti ọmọdé. Ẹ lè gbọ́ ohun tẹ́ ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti jọ ń gbélé.