Iṣẹ́ ‘data analyst’ táwọn ọmọ wa ń lé ní Alímọ̀ṣọ́: èló ni owó oṣù ẹ̀, èló ló sì ń kù délé?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà dáadáa á rántí ìgbà tó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ táípù ni gbogbo ọmọ tó bá jáde ìwé mẹ́wàá ń lọ. Nígbà tó yá, ó di ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ní báyìí, bí ẹ bá ń gbé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò, ‘data analysis’ àti ‘business analytics’ lẹ óò máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Ọmọ á ní òun ò ṣe lọ́yà mọ́, òun ò ṣe dókítà, iṣẹ́ dátà lòun fẹ́ ṣe. Bàbá á ní, “Iṣẹ́ wo nìyẹn?” Ìyá á ní, “Èló ni wọ́n ń san?”

Ìbéèrè méjèèjì ló dára, nítorí owó ilé ni wọ́n máa fi kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà míì, owó àjọ ìyá ni. Nígbà míì, owó ìfẹ̀yìntì bàbá àgbà ni. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Dátà tá à ń rà sórí fóònù kọ́ là ń sọ o. Àkọsílẹ̀ ni: ohun tí wọ́n tà, ọjọ́ tí wọ́n tà á, ẹni tó rà á àti iye tó san. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló máa kó àkọsílẹ̀ náà jọ, tó máa yọ àṣìṣe inú ẹ̀ kúrò, tó máa wá ṣàlàyé fún ọ̀gá ohun tó fà á tí ọjà fi kù tàbí tó fi tètè tán. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà Ìkòtún náà ń ṣe é. Ó mọ ọjọ́ tọ́wọ́ òun máa ń dí, ó mọ̀ pé ìparí oṣù lọ́wọ́ oníbàárà máa ń tú, ó sì mọ ìgbà tí kò yẹ kóun ra agbọ̀n mẹ́ta. Orí ni ìyá fi ń ṣe tiẹ̀, ìsọ̀ kan ṣoṣo sì ni. Ọmọ ẹ̀ á fi kọ̀ǹpútà ṣe ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ náà ò ṣàdédé wọ̀lú. Ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Láàárín 2004 sí 2005, báńkì àpapọ̀ ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà, bẹ́ẹ̀ ni báńkì 89 ṣe di 25, tí kálukú wọn sì ní oníbàárà rẹpẹtẹ. Ọdún 2012 ni wọ́n fi Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò pé kí wọ́n dín owó bébà tí wọ́n ń ná kù, BVN sì dé lọ́dún 2014. Gbogbo ìgbà téèyàn bá fi káàdì gbowó lọ́wọ́ oní-POS ní Ìdímù, ó ti fi àkọsílẹ̀ kan sílẹ̀. Nígbà tí àkọsílẹ̀ pọ̀ jọ, wọ́n ní láti wá ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn báńkì ń gbà wọ́n, àwọn iléeṣẹ́ fóònù bíi MTN àti Airtel, àwọn iléeṣẹ́ ìsanwó bíi Interswitch, Flutterwave àti Paystack, títí dé ọsibítù ńlá àtàwọn tó ń pín ọjà káàkiri.

Ìjọba náà nílò wọn. Ẹ rántí ìkànìyàn ọdún 2006. Àjọ ìkànìyàn ní èèyàn 1,277,714 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní táwọn kà ju mílíọ̀nù méjì lọ. Irú iye bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pín iléèwé, omi àti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Bí iye bá ṣì, àwa ará ìlú la máa tò pẹ́.

Owó oṣù ńkọ́?

Kò sí iye kan pàtó tí gbogbo wọn ń gbà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà di 70,000 náírà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìjọba Èkó ní 85,000 lòun máa san fún òṣìṣẹ́ tòun. Owó agùnbánirọ̀ náà di 77,000. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kékeré lè má rí púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn báńkì ńlá àtàwọn iléeṣẹ́ fóònù ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà, ìdánwò wọn sì le.

Àwọn tó tún wà lókè ni àwọn tó jókòó sílé tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ òkè òkun, tí wọ́n ń gba dọ́là, pàápàá látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti fi ọdún mélòó kan ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oṣù mẹ́ta lọmọ yín máa fi débẹ̀, ọjà tiẹ̀ ló ń tà.

Èyí tó wọlé àti èyí tó kù

Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ kọ́ ló ń dé ọwọ́. Ìdá 8 nínú 100 máa lọ sí owó ìfẹ̀yìntì, agbanisíṣẹ́ á sì fi 10 kún un. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026 ní kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún, kí wọ́n gba ìdá 15 nínú 100 lórí mílíọ̀nù 2.2 tó bá tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní wọ́n fún ọmọ Ìgándò kan níṣẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ wà ní Victoria Island, 250,000 náírà lóṣù. Wọ́n á yọ 20,000 fún ìfẹ̀yìntì àti 24,500 fún owó orí, ó ku 205,500. Bó bá ń ná 3,000 lójúmọ́ lórí ọkọ̀ fún ọjọ́ 22, 66,000 lọ nìyẹn. Ó ku 139,500.

Ìkejì wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, 180,000 náírà. Wọ́n á yọ 14,400 fún ìfẹ̀yìntì àti 14,840 fún owó orí, ó ku 150,760. Bó bá ń wọ ọkọ̀ 1,000 lójúmọ́, 22,000 lọ, ó ku 128,760. Ẹ ò ri pé 70,000 tí wọ́n fi ju ara wọn lọ nínú ìwé ti di 10,740 péré kó tó délé! Tó bá wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Victoria Island, ìyẹn náà lè tán. Kò túmọ̀ sí pé kó má lọ síbi tó jìn o, nítorí iléeṣẹ́ ńlá lè tètè gbé e ga. Ohun tá à ń wí ni pé kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀ pọ̀.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé náà ní ìnáwó tiẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225 lórí yúníìtì kan. Dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ ṣì ń bẹ níbẹ̀.

Ara náà ńkọ́?

Ọmọ tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tó ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò lè rí wákàtí méje tó yẹ kí àgbàlagbà fi sùn. Ibẹ̀ ni orí fífọ́, ìbínú òjijì àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń wọlé. Bí ọ̀nà bá gbà, kó wọ rélùwéè: èyí tó ń lọ láti Mile 2 sí Marina ti ń gbé èrò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, èyí tó ń gba Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì àti Yàbá kọjá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ní ti ojú, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú níwájú kọ̀ǹpútà, kó wo ọ̀kánkán fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Àga tó gbé ẹ̀yìn dúró dára ju orí bẹ́ẹ̀dì lọ.

Kẹ́ ẹ tó san owó

Ẹ má tí ì ta ilẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò 3MTT kalẹ̀ lọ́dún 2023, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ dátà sì wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. LSETF tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2016 náà ń ṣètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Èyí tó bá fẹ́ lọ sí yunifásítì, bíi LASU tó wà lọ́nà Ọ̀jọ́ tàbí UNILAG ní Àkókà, lè kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tàbí ìmọ̀ ìṣúnná owó. NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024 ń yá ọmọ iléèwé ìjọba lówó láìsí èlé.

Bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni, ẹ ní kí wọ́n fi àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí Excel, kó dé SQL àti Power BI. Ìdánwò kan tún wà tí kò ná yín ní nǹkan kan: ẹ ní kọ́mọ kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń tà nínú ìsọ̀ ìyá ẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó wá sọ ohun tí ìyá kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún un. Bó bá sú u lọ́sẹ̀ kejì, iṣẹ́ náà kọ́ ni tiẹ̀.

Ẹ̀rù kan tún ń ba ọ̀pọ̀ òbí: ọmọ tó ń fi gbogbo òru tẹ láptọ́ọ̀pù, ṣé kì í ṣe Yahoo ló ń ṣe? Ẹ má fi ẹnu lásán bá a jà, ẹ má sì dijú. Ẹni tó níṣẹ́ gidi ní ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, ó ní ọ̀gá tó lórúkọ, owó ẹ̀ sì ń gba báńkì wọlé lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù. Ẹ ní kó fi hàn yín. Ìwé yẹn náà ló máa gbà á bí ọlọ́pàá bá dá a dúró lójú ọ̀nà.

Ṣé iṣẹ́ náà á pẹ́? Ẹ̀rọ AI ti ń ṣe apá tó rọrùn níbẹ̀ báyìí, bó ṣe jẹ́ pé kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn táípíìsì. Táípíìsì tó mọ iṣẹ́ ọ́fíìsì dénú kò kúrò, ó kàn pààrọ̀ ẹ̀rọ ni. Ọmọ tó mọ bí ọjà, báńkì tàbí ọsibítù ṣe ń rìn, tó sì mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi àkọsílẹ̀, ló máa jẹun pẹ́. Ẹ ràn án lọ́wọ́ níwọ̀n tágbára yín mọ, kẹ́ ẹ fi owó oògùn àti owó oúnjẹ tiyín sílẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè àwọn ọmọ wa o.