Ẹ Ka Ara Ṣájà Kí Ẹ Tó Fi Í Sí Iná Ìlú Mìíràn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan iná mànàmáná pẹ̀lú. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń lọ bá ọkọ yín ní òkè òkun, tí ẹ sì di kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ṣájà rẹ̀ mọ́ ẹrù, ohun méjì ni ó yẹ kí ẹ mọ̀: bí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì ti rí, àti bí agbára iná ibẹ̀ ti tó.

Èkíní kò le. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò ní Nàìjíríà ni wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba. Ní Kútọnu àti Jámánì, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí róbótó. Ní Amẹ́ríkà, ó rí pẹlẹbẹ. Adápítọ̀ kékeré ni yóò bá yín so wọ́n pọ̀.

Èkejì ni ó lè jó ilé. Iná Nàìjíríà àti ti Ìlú Ọba jẹ́ fólítì 230. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Adápítọ̀ kò sì lè yí agbára iná padà. Ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì nìkan ni ó ń yí. Nítorí náà, ẹ ka ìkọ̀wé wínníwínní tí ó wà lára ṣájà. Bí ẹ bá rí 100–240V lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà INPUT, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣájà náà yóò gba iná ìlú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣájà kọ̀ǹpútà òde òní rí.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú ṣájà wo áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun. Bí áyọ́ọ̀nù tí a rà bọ̀ láti Amẹ́ríkà bá jẹ́ 120V nìkan, tí a sì fi í sí iná 230 ní Ìbàdàn, ooru rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ó lè bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì lè dá iná sílẹ̀. Ó sàn kí ẹ ra irú rẹ̀ ní ìlú tí ẹ ó ti lò ó.

Bí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò bá wọlé, ẹ má ṣe fi bírò tẹ ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó lè ṣí. Ọmọ tí ó ń wò yín lè fi ìṣó dán an wò lẹ́yìn yín. Ẹ ra adápítọ̀.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ara ẹ̀rọ ni kí ẹ máa wò kí ẹ tó fún un ní iná.