Ìmúṣiṣẹ́ àti Ìforúkọsílẹ̀: Ìperí Méjì fún Ètò Kọ̀ǹpútà Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

1. Ìfáárà

Èròǹgbà àpilẹ̀kọ yìí ni láti ya ìperí méjì sọ́tọ̀, èyí tí ó rọrùn fún atúmọ̀-èdè láti fi ọ̀kan pe èkejì. Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni kọ̀ǹpútà kékeré tí ń gba ìwífún nínú ọkọ̀ ojú omi. A yan àpẹẹrẹ yìí nítorí pé àṣìlóye níbẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ há sórí iyanrìn.

2. Bí ìwífún ṣe ń wọlé

Nínú ọkọ̀ òde òní, ẹ̀rọ aṣàkíyèsí kan ń wọn jíjìn omi, òmíràn ń wọn afẹ́fẹ́, òmíràn sì ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo ìlànà NMEA 2000, tí ń gbé ìwífún ní ìwọ̀n eré 250,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ̀ǹpútà bíi Raspberry Pi lè gbọ́ wọn bí a bá so ohun èlò tí ó yẹ mọ́ ọn. Ètò bíi Signal K yóò gba ìwífún náà, yóò sì pín in fún ojú ẹ̀rọ tí atukọ̀ ń wò.

Nígbà tí a bá tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, agbára bátìrì lè wálẹ̀ lójijì tí kọ̀ǹpútà yóò fi kú, tí yóò sì tún tàn. Èyí ni a pè ní àtúntàn. Lẹ́yìn àtúntàn, ojú-ọ̀nà tí ìwífún ń gbà wọlé, tí a sábà máa ń pè ní can0, gbọ́dọ̀ ṣí ní ìwọ̀n eré tí a sọ lókè. Ètò tí ń gba ìwífún náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, atukọ̀ kò ní rí jíjìn omi.

3. Ìperí méjèèjì

Nínú Linux tí ń lo systemd, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2010, alábòójútó ètò ni ó ń jí àwọn ètò yòókù. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni 1. Àṣẹ “start” ń sọ fún un pé kí ó mú ètò kan ṣiṣẹ́ nísinsìnyí. Agbára àṣẹ yìí parí nígbà tí ẹ̀rọ bá kú. Àṣẹ “enable” ní tirẹ̀ kì í dá mú ètò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ni ó ń fi orúkọ ètò náà sínú àkójọ àwọn tí alábòójútó yóò jí nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá tàn.

Bí a bá túmọ̀ “enable” sí “fún ní agbára”, òǹkàwé kò ní mọ ìyàtọ̀ yìí. Nítorí náà, a dábàá ìmúṣiṣẹ́ fún ti àkọ́kọ́, àti ìforúkọsílẹ̀ fún ti èkejì. Olùkọ́ lè fi ilé-ìwé ṣàlàyé rẹ̀: ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì lónìí láìforúkọsílẹ̀, a kò ní pe orúkọ rẹ̀ lọ́la.

Bákan náà, kò péye láti sọ pé ètò “bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀”. Ètò kan kì í jí ara rẹ̀. Alábòójútó ni ó ń jí i. “Bẹ̀rẹ̀ láìdúró de àṣẹ ènìyàn” ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù.

4. Ìkádìí

Ẹni tí ó bá ṣe ìmúṣiṣẹ́ nìkan yóò rí i pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé ní èbúté. Lẹ́yìn àtúntàn lójú agbami, ìwífún kò ní wọlé mọ́. Bí ojú ẹ̀rọ bá sì di nọ́ńbà ìkẹyìn mú, atukọ̀ lè gba jíjìn àtijọ́ gbọ́. Nítorí náà, kí ìwé ìlànà èyíkéyìí tí a bá túmọ̀ sọ gbangba pé ìmúṣiṣẹ́ kò tó láìsí ìforúkọsílẹ̀. Fún ojú-ọ̀nà àti fún ètò ni. Kí ó sì fi kún un pé kí a pa kọ̀ǹpútà, kí a tún un tàn, kí a sì wo bóyá jíjìn omi padà wọlé, nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní ìdè ní èbúté.