Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí A Ń Tọrọ Akọ Ajá Rẹ̀ fún Abo

Ní Àpápá, níbi tí èbúté ńlá Èkó wà, a máa ń rí ajá òyìnbó kékeré nínú ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá èyí tí a ń pè ní Lhasa Apso, ajá onírun gígùn tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Tibet wá. Ní Ajégúnlẹ̀ tí ó múlé tì í, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń lo àgbàlá kan náà, àwọn ẹlòmíràn ń sin irú ajá bẹ́ẹ̀ láti tà. Nítorí náà ni ẹni tí ó ní abo ajá ṣe lè tọ ẹni tí ó ní akọ wá, kí ó sì wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ajá yín gun tèmi. N ó san owó, tàbí kí n fún yín ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n igi gogoro má gún mi lójú, àti òkèèrè ni a ti í wò ó.

Àgbẹ̀ ti mọ ìlànà ọ̀ràn yìí tẹ́lẹ̀. Kì í mú iṣu tí ó ti ń rà ṣe èbù, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi òbúkọ tí ó ní àbùkù sílẹ̀ láàrin agbo ewúrẹ́. Títẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Bákan náà ni ó rí nípa ajá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe iye owó tí a ó gbà, bí kò ṣe pé: ǹjẹ́ ó yẹ kí irú ajá yìí pọ̀ sí i? Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbà pé akọ ajá tí kò gun abo rí yóò ṣàìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ajá lè gbó, kí ó sì ní àlàáfíà, láìbí ọmọ kankan.

ÈKÍNÍ: ARA AKỌ NÁÀ. Ó dára kí ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tàbí méjì, kí a lè ti mọ ìwà rẹ̀ àti ìlera rẹ̀. Kórópọ̀n rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá pé oṣù mẹ́fà tí ọ̀kan ṣì wà nínú ikùn, àbùkù àjogúnbá ni. Kí a má ṣe fi irú ajá bẹ́ẹ̀ gun abo, nítorí àwọn ọmọ lè jogún rẹ̀. Kórópọ̀n tí ó kù sínú ikùn a sì máa di jẹjẹrẹ nígbà mìíràn, nítorí náà ó yẹ kí oníṣègùn ẹran yọ ọ́. Kí a tún wo orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ajá kékeré, egungun róbótó orí orúnkún a máa yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ajá náà yóò gbé ẹsẹ̀ kan sókè, yóò ta pọ́n-ún pọ́n-ún díẹ̀, yóò sì tún fi í tẹlẹ̀. Àwọn ará ilé a máa fi í rẹ́rìn-ín, wọn a rò pé eré ni, ṣùgbọ́n àìsàn ìran ni. Ajá tí ń bu ènìyàn jẹ láìnídìí kò yẹ pẹ̀lú.

ÈKEJÌ: ÀÌSÀN TÍ Ń RÀN NÍPA GÍGÙN. Méjì ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù. Ọ̀kan ni kókó ojú ara. Kì í ṣe kòkòrò ni ó ń fà á. Ara kókó náà gan-an ni ó ń bọ́ lára ajá kan tí ó sì ń hù lára èkejì, gẹ́gẹ́ bí ìtàkùn ọ̀dùnkún tí a gé tí a sì gbìn sí oko mìíràn. Novinsky, oníṣègùn ẹran kan ní Rọ́ṣíà, ti fi hàn ní 1876 pé a lè gbé e láti ara ajá kan sí òmíràn. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2019 sọ pé ara ajá kan ṣoṣo ni ó ti bẹ̀rẹ̀, láàrin 4,000 sí 8,500 ọdún sẹ́yìn. Àmì rẹ̀ ni ẹran pupa rírọ̀ tí ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó ni abo lè rò pé ẹ̀jẹ̀ àkókò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹ ní fífura sí. Oògùn vincristine, tí oníṣègùn ẹran ń fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a sábà máa wò ó sàn.

Èkejì ni àìsàn Brucella canis, èyí tí Carmichael rí ní Amẹ́ríkà ní 1966. A máa mú kí oyún abo wálẹ̀, a sì máa sọ akọ di aláìlèbímọ. Ó lè ran ènìyàn, oògùn kì í sì í sábà lé e tán. Ojú kò lè rí i. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ akọ àti abo ni ó ń fi í hàn.

ÈKẸTA: ARA ABO. Kí ó ti dàgbà tán, kí ó má sì jẹ́ èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí ó bá kéré púpọ̀ ju akọ lọ, ọmọ lè há sí i nínú nígbà ìrọbí, kí a sì fi iṣẹ́ abẹ gbà á là.

ÈKẸRIN: IBI TÍ ÀWỌN ỌMỌ YÓÒ GBÉ LỌ. Oyún ajá a máa tó ọjọ́ 63, ọmọ sì gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọn yóò jẹun, wọn yóò lo oògùn aràn, wọn yóò sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èyí tí a kò bá rí rà tàbí gbà a máa di ajá ìgboro. Ajá ìgboro tí kò gba abẹ́rẹ́ ni dìgbòlugi sì ń gbà wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé dìgbòlugi ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún; nínú ẹni 10, nǹkan bí 4 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí í yè. Ní àgbàlá tí ogún ọmọdé ti ń ṣeré, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ajá nìkan. Ilé Ìwádìí Ìṣègùn Ẹran ti ìjọba Nàìjíríà ní Vom, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Kí akọ àti abo ti gbà á kí a tó jẹ́ kí wọn pàdé. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn wẹ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, kí a kọ àdéhùn sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí: iye owó tàbí ọmọ tí a ó gbà, àti ohun tí a ó ṣe bí abo kò bá lóyún. Abo ni a ń mú wá sí ilé akọ. Láàrin ọjọ́ kẹsàn-án sí ìkẹrìnlá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ó sábà máa ń gbà. Wọn yóò so pọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nígbà mìíràn títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí a má ṣe da omi lù wọ́n, kí a má sì fà wọ́n ya bí àwọn ọmọ àdúgbò ti máa ń ṣe, nítorí ó lè pa wọ́n lára. Wọn yóò tú fúnra wọn.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kù, kí ẹni tí ó ni akọ kọ̀, ìbáà ṣe àgbà tàbí ará ìjọ kan náà ni ó wá bẹ̀ ẹ́. Ó tó kí ó wí pé, “Ẹ má bínú, ajá wa kò yẹ fún un.” Owó tí a kò gbà kò ní bu ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ.